Bátìrì Kọ́ Ni Ó Ṣẹ̀

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa tí ó kọjá, wọ́n gbé àbá kan kalẹ̀ pé láti ìsinsìnyí lọ, ọmọ ẹgbẹ́ kankan kò gbọdọ̀ mú ìbọn ọ̀dà tí ń fi bátìrì ṣiṣẹ́ wá síbi eré ẹgbẹ́ mọ́. Ẹni mẹ́rìnlá nawọ́ sókè pé bẹ́ẹ̀ ni kí ó rí. Àwa mẹ́rin kọ̀ ọ́. Àwọn tí ó kù ń wo àjà ilé. Alága ní òun kò ní fọwọ́ sí i títí a óò fi tún un yẹ̀ wò lóṣù tí ń bọ̀, nítorí náà ni mo ṣe bẹ olóòtú kí ó yọ̀ǹda ojú ìwé díẹ̀ fún mi, nítorí pé nígbà tí mo dìde sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, ariwo kò jẹ́ kí n sọ ìdajì ohun tí ó wà nínú mi.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ irin àti rọ́bà kò yẹ ìwé tí a dá sílẹ̀ fún ewì àti ìtàn. Mo fi ọ̀wọ̀ dá wọn lóhùn pé alágbẹ̀dẹ pẹ̀lú ń sọ Yorùbá.

Fún ẹ̀yin olùkọ́ wa tí ẹ kò bá wa lọ, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Ìbọn ọ̀dà kì í ṣe ìbọn ọdẹ. Ọta rẹ̀ jẹ́ hóró roboto tí ìbú rẹ̀ tó mílímítà 17, èèpo rẹ̀ dà bí èèpo kápúsù oògùn, ọ̀dà tí omi lè fọ̀ kúrò ni ó sì wà nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí a há mọ́ inú àgbá ni ó ń ta á jáde. Bí ó bá fọ́ sí ọ lára, o jáde kúrò nínú eré. Eré náà kò tí ì pẹ́ láyé. Oṣù kẹfà ọdún 1981 ni àwọn ọkùnrin méjìlá kọ́kọ́ ṣe é nínú igbó kan ní Henniker, ní ìpínlẹ̀ New Hampshire ní Amẹ́ríkà, irú ìbọn tí wọ́n fi ń sàmì sára igi inú igbó ni wọ́n sì mú lọ. Ẹni tí ó borí lọ́jọ́ náà kò yin ọta kan ṣoṣo. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, n óò padà sí i.

Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ọjọọjọ́ Sátidé nínú yàrá àtúnṣe pápá eré kan lẹ́yìn ìlú yìí, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Nítorí èyí ni ẹgbẹ́ ṣe lọ síbẹ̀ ní oṣù kẹta, nítorí èyí náà ni ẹ̀gbọ́n wa kan ṣe mú ìbọn ara rẹ̀ tọ̀ mí wá kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Àlòkù ni ó rà á, ìbọn gidi ni, oníbátìrì. Láti oṣù kẹjọ ọdún tí ó ṣáájú ni ó ti wà lábẹ́ ibùsùn.

Ẹ̀gbọ́n wa ní, “Àbúrò, ìbọn yìí ti dẹ̀ o. Bá mi yí i sókè díẹ̀.”

Mo ní, “Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú u wò, ẹ̀gbọ́n.”

Ó ní, “Ṣé o kò rí i pé àwọn ènìyàn ń dúró dè wá ni? Yí i sókè jàre.”

Èmi ni mo yí i sókè. Mo fẹ́ kí a kọ ìyẹn sílẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹnikẹ́ni jiyàn.

Òfin pápá wa ni pé eré ọta kò gbọdọ̀ kọjá ẹsẹ̀ bàtà 300 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀rọ kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí a fi ń wọ̀n ọ́n. Mo yin ọta kan sójú ẹ̀rọ náà, ó kà 238. Lóòótọ́, ìbọn ti dẹ̀. Mo fi kọ́kọ́rọ́ yí régúlétọ̀ rẹ̀ díẹ̀, a sọ̀rọ̀ díẹ̀, ẹnìkan béèrè ibi tí ìgbọ̀nsẹ̀ wà, mo fi hàn án, mo tún yin ọ̀kan: 251. Mo tún yí i, mo lọ mú ọta sí i, mo padà wá yìn ín: 270. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe títí ó fi kà 286. Mo ní ó ti dára. Ẹ̀gbọ́n dúpẹ́, ó sì lọ.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, ọta mẹ́rin láti inú ìbọn náà tẹ̀lé ara wọn wọ ara àbúrò wa kan tí ó wà ní ọdún kìíní. Èkínní bà á léjìká, kò tilẹ̀ dùn ún. Èkejì bá gíláàsì ìbòjú rẹ̀. Ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin bà á lọ́rùn, láàárín ìbòjú àti kọ́là ẹ̀wù. Awọ ya, ẹ̀jẹ̀ dé àyà ẹ̀wù rẹ̀, ó sì tó ọ̀sẹ̀ kan kí ohùn rẹ̀ tó là. Mo gba ìbọn náà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, mo gbé e lọ síwájú ẹ̀rọ, mo sì yìn ín lẹ́ẹ̀mẹrin láìdúró. Ó kà 284. Ó kà 319. Ó kà 331. Ó kà 333. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìṣirò, agbára tí ọta fi ń lu ènìyàn kì í bá eré rẹ̀ lọ ní dọ́gbadọ́gba. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára a di ìlọ́po mẹ́rin. Ọta kẹta yẹn fi ohun tí ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta lágbára ju èyí tí mo fi ọwọ́ sí lọ. Bí kò bá sí ìbòjú, ojú ni èkejì ìbá lọ, ọ̀rọ̀ tí à ń sọ yìí ìbá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ó dùn mí pé ohun tí ẹnìkan kọ́kọ́ sọ ní ìpàdé ni pé ọmọ náà ni ó sún mọ́ni jù. Ẹni tí ó sọ ọ́ mọ ara rẹ̀. Ibi tí òfin eré gbà á láàyè láti wà ni ọmọ náà wà. Ẹ fi ẹni tí a lù sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn yòókù, àní àwọn ẹni mẹ́rìnlá tí mo ń bá sọ̀rọ̀, bátìrì ni wọ́n dájú sọ. Wọ́n ní iná mọ̀nàmọ́ná ni ó ya wèrè nínú ìbọn náà. Wọ́n ní ohun tí ó bá ti ní kọ̀ǹpútà nínú kò ṣeé fọkàn tán, kí a padà sí ìbọn alágbára lásán tí àwọn àgbà eré fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́. Ó ní òkè ni ẹ̀ ń wò, ẹ kò wo ìsàlẹ̀.

Ẹ wo ìsàlẹ̀. Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó wà nínú ìbọn yìí, àwọn tí ó dábàá sì ti lù wọ́n pọ̀ mọ́ra. Iṣẹ́ kìíní ni ti afẹ́fẹ́. A ti ki afẹ́fẹ́ mọ́ inú àgbá tí a so mọ́ ìdí ìbọn títí ó fi tó pọ́n-ùn 3,000 tàbí 4,500 lórí ínṣì onígun mẹ́rin kan. Régúlétọ̀ tí ó wà lẹ́nu àgbá a rọ̀ ọ́ wálẹ̀ sí nǹkan bí 800 tàbí kí ó dín. Régúlétọ̀ kejì, tí ó jẹ́ ti ìbọn fúnra rẹ̀, a tún rọ̀ ọ́ wá sí ìsàlẹ̀ 200 nínú ọ̀pọ̀ ìbọn òde òní. Afẹ́fẹ́ tí a ti tù lójú báyìí ni ó ń ti irin kan tí a ń pè ní bóòtù síwájú. Bóòtù a ti ọta wọ inú ọ̀pá ìbọn, afẹ́fẹ́ a sì gbá a jáde. Òrùka rọ́bà kéékèèké ni ó wà lára bóòtù náà, kí afẹ́fẹ́ má baà gba ibi tí a kò rán an. Iṣẹ́ kejì ni ti iná. Bí ìka bá fa tírígà, bọ́ọ̀dù kékeré kan a mú iná láti inú bátìrì, a sì ṣí fáàfù fún nǹkan bí ìdá mẹ́wàá sí ogún nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn nìkan. Iná ni akéde tí ń kígbe pé ó tó àkókò. Bí ìlù yóò ṣe le tó, ọwọ́ afẹ́fẹ́ àti rọ́bà ni ó wà. Bí a bá jẹ́ kí fáàfù pẹ́ díẹ̀ sí i ní ṣíṣí, eré lè lé díẹ̀, ṣùgbọ́n akéde kò lè fún ọba ní agbára tí ọba kò ní.

Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀? Gíríìsì ara òrùka rọ́bà wọ̀nyẹn ti gbẹ láàárín oṣù méje. Rọ́bà gbígbẹ a lẹ̀ mọ́ ara irin bí ẹ̀kọ àná tí ń lẹ̀ mọ́ ewé. Bí a bá yin ìbọn náà lẹ́yìn tí ó ti sinmi, púpọ̀ nínú agbára afẹ́fẹ́ ni yóò kọ́kọ́ ná sórí títú rọ́bà kúrò níbi tí ó lẹ̀ mọ́. Ohun tí ó kù ni ọta yóò fi lọ, ọta yóò sì dẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí rọ́bà bá ti ṣí nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, èkejì àti ẹ̀kẹta kò ní ìdènà kankan mọ́. Gbogbo ohun tí mo fi kún un láti ran ọta kìíní lọ́wọ́, àwọn tí ó tẹ̀lé e gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ sì rí i pé láàárín ọta kan sí èkejì níwájú ẹ̀rọ, mo ń sọ̀rọ̀, mo ń fi ìgbọ̀nsẹ̀ han ènìyàn. Ọta kìíní ni mo ń wọ̀n nígbà gbogbo. Mo wọ̀n ọ́n nígbà mẹ́ta, mẹ́rin, n kò wọn ìbọn náà rí.

Iṣẹ́ tí ó yẹ kí n ṣe kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Kí n fi ìbòrí bo ẹnu ìbọn, kí n yọ agbọ̀n ọta, kí n yọ àgbá, kí n dojú ìbọn kọ ilẹ̀, kí n sì yin èémí tí ó kù nínú rẹ̀ dànù, nítorí pé àgbá lè kúrò lára ìbọn kí èémí ọta kan ṣì wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí n fa bóòtù yọ, kí n nu gíríìsì àná kúrò pátápátá, kí n fi èékánná wo òrùka kọ̀ọ̀kan yí po bóyá ó ti ya tàbí ó ti wú, kí n pààrọ̀ èyí tí kò dára, kí n fi gíríìsì tuntun pa á lára fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Mo ní fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́: ìbọn kì í ṣe ọmọ ìkókó tí à ń fi òrí kùn. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọ́n òróró atúpẹtà inú agolo sí i, èyí tí àwọn ènìyàn ń fọ́n sí ìlẹ̀kùn àti kẹ̀kẹ́. Yóò fọ gíríìsì rere dànù, kò sì ní fi nǹkan tí yóò pẹ́ rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo èyí, kí n wá yin ọta márùn-ún láìdúró níwájú ẹ̀rọ, kí n tó fi ọwọ́ kan régúlétọ̀.

Ohun tí ó ń bí mi nínú nípa àbá yìí ni pé kì í ṣe àwa nìkan ni a ń ronú bẹ́ẹ̀. Nínú yàrá àtúnṣe, nǹkan kan náà ni mo ń gbọ́ láti ẹnu aláwọ̀ funfun àti aláwọ̀ dúdú: “Bọ́ọ̀dù rẹ̀ ti kú.” Ọkùnrin kan ra bọ́ọ̀dù méjì láàárín oṣù mẹ́ta fún ìbọn tí kò yìn mọ́. Bátìrì rẹ̀ ni kò dára. Iná kékeré ẹ̀yìn ìbọn ń tàn, nítorí náà ó gbà pé bátìrì yè. Kò mọ̀ pé bátìrì tí ó lè tan iná kékeré lè máà lágbára láti gbé fáàfù. Òmíràn ní bọ́ọ̀dù òun ń ṣe ségesège, ìbọn ń yìn nígbà mìíràn, ó ń kọ̀ nígbà mìíràn. Ìbọn yìí ní ojú, ẹ gbọ́ o. Ìmọ́lẹ̀ tí ènìyàn kò lè rí ni ó ń ti ẹ̀gbẹ́ kan kọjá sí èkejì níbi tí ọta ń jókòó sí. Bí ọta kò bá tí ì jókòó dáadáa, ìbọn yóò dúró dè é, kí bóòtù má baà gé ọta sí méjì. Ọ̀dà ọta tí ó fọ́ ti dí ojú náà. Òwú tí a fi ń nu etí àti omi díẹ̀ ni mo fi wò ó sàn. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ti pa ojú ìbọn náà kí ó baà lè máa yìn ín lọ láìríran, ọta sì ń fọ́ sínú rẹ̀ bí ẹyin.

Ìbọn tí ń jò pàápàá a máa sọ ibi tí ó ti ń jò fún ẹni tí ó bá fetí sí i. Bí ó bá ń súfèé lẹ́nu àgbá, òrùka ẹnu àgbá ni. Bí afẹ́fẹ́ bá ń gba ọ̀pá ìbọn jáde, ẹ wo rọ́bà bóòtù. Bí ó bá jẹ́ inú ìdìmú ni ó ti ń mí, a jẹ́ pé fáàfù iná tàbí ọ̀nà afẹ́fẹ́ tí ó lọ bá a ni kí a wò. Bí eré ọta bá ń gòkè fúnra rẹ̀ nígbà tí ìbọn bá sinmi, régúlétọ̀ ni kò lè dì í mú mọ́. Nínú gbogbo èyí, ẹ ka iye ìgbà tí bọ́ọ̀dù jẹ̀bi.

Àwọn alátakò mi ní ọ̀rọ̀ kan tí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, n kò sì ní fi í pamọ́. Nínú ìbọn àtijọ́ tí ọwọ́ ń fà, bí rọ́bà bá gbẹ, ọwọ́ rẹ á sọ fún ọ. Yóò le, yóò máa há. Ìbọn oníbátìrì gba ìnira yẹn mọ́ ara rẹ̀, ìka kò sì mọ nǹkan kan. Òtítọ́ ni. Òtítọ́ tún ni pé bí a bá ṣètò tírígà rẹ̀ ní ìṣètò tí ó lẹ́gẹ́ jù, fífà kan lè di ìyìn méjì tàbí mẹ́ta. Nọ́ńbà kan wà nínú bọ́ọ̀dù tí à ń gbé sókè láti dá ìyẹn dúró, ìṣẹ́jú kan péré ni ó gbà. Ṣùgbọ́n ṣé nítorí pé ìbọn kò ráhùn ni a kò fi ní bọ́ ọ?

Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè, ẹ̀yin tí ẹ gbà pé ìbọn tí kò ní bátìrì kò ní ewu. Ní ọdún 2004, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń ṣọ́ ààbò lórí ọjà kìlọ̀ fún àwọn ará ìlú nípa àgbá gáàsì ìbọn ọ̀dà, lẹ́yìn tí ó ti pa ènìyàn méjì. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé nígbà tí ènìyàn ń yí àgbá kúrò lára ìbọn, àgbá lè máa tú kúrò lára fáàfù tirẹ̀, kí fáàfù ṣì dúró sẹ́nu ìbọn, gáàsì a sì fò ó bí àdó olóró. Kò sí bátìrì níbẹ̀. Kò sí bọ́ọ̀dù. Ìdè irin tí ó dẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ oògùn rẹ̀ kò ju ọ̀dà èékánná obìnrin lọ: kí a fi fa ilà kan láti ara fáàfù dé ara àgbá, ọjọ́ tí ilà náà kò bá dọ́gba mọ́, kí a má ṣe fọwọ́ kàn án, kí a gbé e lọ fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Mo wo àgbá mọ́kànlá tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa kó lọ sí pápá lọ́jọ́ náà. Kò sí ilà lára ọ̀kankan. Àbá tí ẹ gbé kalẹ̀ yóò fi gbogbo wọn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, yóò sì kó bátìrì nílé.

Ìka tí ó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ìka mi wà nínú rẹ̀, ti ẹ̀gbọ́n wa náà wà níbẹ̀, nítorí agbára ni ó ń wá, kò wá ìtọ́jú. Mo ní n óò padà sí ọ̀rọ̀ ọkùnrin tí ó borí ní 1981. Igbó ni ó fi borí, ẹsẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ ni ó fi borí. Bí ọta ẹ̀gbọ́n wa tilẹ̀ lọ ní 238, ì bá fọ́ sára ẹni tí ó bà. Ta ni ó sọ fún wa pé kí a yí i sókè?

Àbá tèmi nìyí, mo sì ti fi í ránṣẹ́ sí akọ̀wé. Kí gbogbo ìbọn, ìbáà jẹ́ oníbátìrì tàbí aláfọwọ́fà, sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́nu ọ̀nà pápá, kí olówó rẹ̀ wá yin ọta márùn-ún léraléra lójú ẹ̀rọ. Kí èyí tí ó ga jù má kọjá 285. Kí èyí tí ó ga jù má fi ju 15 lọ ju èyí tí ó rẹlẹ̀ jù. Ìbọn tí kò bá yege, kí a tú u. Kí a má ṣe yí i. Kí ẹgbẹ́ ra gíríìsì kan àti àpò òrùka rọ́bà kan, owó rẹ̀ kò tó owó ìrẹsì tí a jẹ lọ́jọ́ náà. Èmi ni n óò máa ṣe iṣẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́, bí ẹ bá ṣì gbà kí n fọwọ́ kan ìbọn.

Mo ti tú ìbọn ẹ̀gbọ́n wa. Òrùka mẹ́ta ni mo pààrọ̀, mo fi gíríìsì sí i, mo dá régúlétọ̀ padà sísàlẹ̀. Bátìrì kan náà ni ó wà nínú rẹ̀, bọ́ọ̀dù kan náà. Ní Sátidé tí ó kọjá, mo yìn ín lẹ́ẹ̀márùn-ún láìdúró lẹ́yìn tí ó ti sinmi: 279, 282, 281, 283, 280. Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ni ó ń ka nọ́ńbà náà sókè.

Àwọn òrùka rọ́bà àná náà wà lọ́dọ̀ mi nínú àpò ìwé. Ọ̀kan ti le bí èékánná, ó sì ti ya láti inú. N óò kó wọn wá sí ìpàdé, kí wọ́n lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ yí gbogbo ilé ká, kí alága tó ní kí ẹnikẹ́ni nawọ́ sókè.